Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ àmì orí orúkọ wa



Lóṣù tó kọjá, a fẹ́ tẹ pósítà ìsìnkú fún ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ní Sabon Gari. Orúkọ Màmá pé pérépéré lórí fóònù wa. Ìgbà tó dé orí kọ̀ǹpútà atẹ̀wé, àpótí kéékèèké ló kún ibi tó yẹ kí ọ̀ àti ẹ́ wà. Ó ní kí òun kúkú yọ àmì náà. A gbà, torí ọjọ́ ti lọ. Ó ń dùn wá títí dòní. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ṣé ọjọ́ ìsìnkú ló wá yẹ kí orúkọ náà bàjẹ́?

A bi àwọn ọmọ wa tó mọ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì là á yé wa. Kọ̀ǹpútà ò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Àdéhùn káríayé tí wọ́n ń pè ní Unicode ló fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Lẹ́tà Hausa bíi ɓ, ɗ àti ƙ ní tiwọn. Ẹ, ọ àti ṣ tiwa náà ní. Àmọ́ tí àmì ohùn bá ti gun orí ẹ tàbí ọ, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un mọ́: lẹ́tà lọ́tọ̀, àmì lọ́tọ̀, ẹ̀rọ ló máa so wọ́n pọ̀. Fọ́ǹtì tí kò bá ní àmì yẹn, àpótí ló máa yọ.

Ó tún kù. Ẹnì kan lè tẹ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹlòmíràn á tẹ o, á wá fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú àwọn ẹ̀rọ kan, méjì ni. Àwa tí à ń kọ gbèsè oníbàárà sórí fóònù mọ ìyà rẹ̀: o wá orúkọ títí, o ò rí i, bẹ́ẹ̀ ẹni náà jẹ ọ́ lówó.

Kì í ṣe pé wọn ò ka èdè wa kún o. Fáìlì wà tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé lẹ́tà 25 la ní, pé gb jẹ́ lẹ́tà kan tó tẹ̀lé g, tí gúgúrú fi gbọ́dọ̀ ṣáájú gbẹ̀gìrì. Kódà, ti àwọn ará wa ní Benin wà lọ́tọ̀, torí ɛ àti ɔ ni wọ́n ń kọ. Iṣẹ́ ti wà nílẹ̀, àwa la ò béèrè fún un.

Àwọn kan á ní, "Ẹ fi àmì sílẹ̀, a máa mọ̀ ọ́n kà." Àwa tí a dàgbà nílé ló lè mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí a bí sí Kánò, tó ń sọ Hausa ládùúgbò, tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní skúùlù, kí ló máa fi mọ̀ bóyá "owo" jẹ́ owó, òwò, ọwọ́, ọwọ̀ tàbí ọ̀wọ̀?

Oníṣòwò ni wá, ẹ jẹ́ ká ṣe é bí oníṣòwò. Ká tó sanwó fún atẹ̀wé, ká ní kó kọ́kọ́ tẹ ọ̀ àti ẹ́ ká rí i. Tí kò bá lè tẹ̀ ẹ́, ká gbé owó wa lọ síbòmíràn. Kí kálukú sì fi kíbọọ̀dù Yorùbá sórí fóònù rẹ̀. Ó wà lórí Gboard, ọ̀fẹ́ ni.

Kí lẹ rí sí i? Ẹ kọ orúkọ yín sísàlẹ̀, tàmì-tàmì.