Ìwé Tí A Ń Kà Nídìí Máṣíìnì

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé l'Ékòó ló mú ìwé náà wá fún mi nígbà ọdún Iléyá. Tomi Adeyemi ló kọ ọ́, Children of Blood and Bone ni àkọlé rẹ̀. Mo gbé e sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Joga-Orílé, mo sì rò pé ibẹ̀ ni eruku tírélà sìmẹ́ǹtì Ìbèṣè máa bò ó mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a jókòó, a ń fọwọ́ ṣẹ́tí aṣọ ẹbí. Mo ṣí ìwé náà, mo ń ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sínú, mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá síta fún àwọn ọmọṣẹ́ mi. Nínú ìtàn náà, ìyá àgbà kan ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níjà ọ̀pá nínú ahéré kan létí òkun, ní bòókẹ́lẹ́. Bí ẹ̀ṣọ́ ọba bá ti yọ, wọn a gbé ọ̀pá pamọ́, wọn a fa aṣọ jáde, wọn a máa ṣe bí ẹni tó ń ránṣọ. Àwọn ọmọ pariwo: "Mọ́mì, àwa nìyẹn!" Láti ọjọ́ náà, wọn ò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Ẹni tí kì í tètè dé tẹ́lẹ̀ ló ń bá mi ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀.

A kọsẹ̀ níbì kan. Ìlọrin ni Zélie, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, ti dàgbà, orí omi sì ni ìlú náà wà nínú ìwé, iṣẹ́ ẹja pípa ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ mi, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìlọrin, gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀: "Mọ́mì, òkun wo ló wà ní Ìlọrin?" Mo ní ìlú tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ni, orúkọ ló yá lọ́wọ́ wa. Ọya náà, ikú àti ìyè ló fi sí i níkàáwọ́, bẹ́ẹ̀ ìjì àti odò ńlá nì la mọ̀ ọ́n mọ́. Èmi ò bá Adeyemi bínú, torí mo mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1993, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó ka lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Harvard. Ó lọ ṣe ìwádìí ní Salvador, ní ilẹ̀ Brazil, òjò lé e wọ ṣọ́ọ̀bù kan, ibẹ̀ ló ti rí àwòrán àwọn òrìṣà. Ẹ rò ó wò: ọmọ Adéyẹmí ló dé òdìkejì òkun kí ó tó fojú kan òrìṣà ilé bàbá rẹ̀! Ìwé tó kọ́kọ́ kọ kò rí ẹni gbà á. Ó jókòó, ó kọ òmíràn, ní àsìkò tí ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ń yìnbọn pa àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò gbé ohun ìjà dání, ó sì kó ìbẹ̀rù àti ẹkún àkókò náà sínú rẹ̀. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà tí ìwé náà jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2018. Apá kẹta rẹ̀ jáde lọ́dún 2024.

Ohun tó mú mi kọ̀wé yìí rèé. Nínú ìwé náà, ọba fòfin de èdè Yorùbá, torí òun ni èdè ọfọ̀, inú rẹ̀ sì ni agbára àwọn tí ọba náà ń ni lára wà. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, ohùn mi há. Nílé ẹ̀kọ́ gíràmà tí mo lọ, kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ Yorùbá, ẹni tí kò bá ní in a kúnlẹ̀ sínú oòrùn. Mo kúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi bó, torí mo ní "ẹ ṣé, mà". Lóṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí wọ egungun.

Bí mo bá dé ibi tí ọfọ̀ wà nínú ìwé náà, n kì í túmọ̀. Yorùbá ni Adeyemi fi kọ ọ́. Mo kàn ń kà á bó ṣe wà ni, ṣọ́ọ̀bù a sì pa rọ́rọ́, kò sí máṣíìnì tó ń dún.

Kí ni ọmọ ọdún 15 ní Joga yóò kà ní Yorùbá lónìí? Olóyè J. F. Ọdúnjọ kọ Kúyẹ̀ lọ́dún 1964, ìtàn ọmọ òrukàn tó yadi tó sì dití, mo sì sunkún nídìí rẹ̀ lọ́mọdé. Fágúnwà wà, ṣùgbọ́n ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ jáde. Ìtàn pọ̀ lẹ́sẹ̀ wa níhìn-ín: ọmọkùnrin tó ń fi ọ̀kadà gbé ìrẹsì fàyàwọ́ gba ọ̀nà igbó, tí ìyá rẹ̀ kì í sùn bí ìbọn bá dún lọ́nà ẹnubodè, ọmọbìnrin tó fẹ́ gbẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí wọ́n ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Adeyemi wo ohun tó ń dun àwọn ọ̀dọ́ àyíká rẹ̀, ó sì kọ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tiwa náà ní ohun tó ń dùn wọ́n.

Ẹ̀yin atẹ̀wétà Ìbàdàn, ẹ lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ Adeyemi, kí ẹ wá akọ̀wé tó gbọ́ Yorùbá dénú, kí ó túmọ̀ ìwé rẹ̀ yìí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní bébà olówó pọ́ọ́kú, kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lè rà á. Ẹ̀dà mẹ́fà ni tèmi, márùn-ún fún àwọn ọmọṣẹ́ mi, ọ̀kan fún mi. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.