Àṣegbé Kò Sí, Àṣepamọ́ Ló Wà

Nígbà tí àwọn baba wa bá wí pé àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ni ó wà, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé ìkìlọ̀ fún olè àti ọ̀dàlẹ̀ nìkan ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò yóò rí i pé ohun tí ènìyàn ṣe, ìbáà ṣe ire, ìbáà ṣe ibi, ń bẹ níbì kan tí ó ń dúró de ọjọ́ tirẹ̀.

Ní 1895, àwọn ará Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ère Edward Colston ró sí gbangba òde, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀ pé ọmọ ìlú oníwà rere àti ọlọgbọ́n ni, nítorí owó tí ó ná sórí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé àwọn aláìní. Ṣùgbọ́n wọn kò mẹ́nu ba Royal African Company, ẹgbẹ́ oníṣòwò tí ó ṣe igbákejì olórí fún ní 1689, èyí tí ó kó nǹkan bí 84,000 ènìyàn dúdú sọdá òkun lẹ́rú nígbà ayé rẹ̀ níbẹ̀, tí nǹkan bí 19,000 nínú wọn sì kú sójú omi. Nígbà tí a wá fẹ́ kọ òtítọ́ yìí sí ìdí ère náà, àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ tí a ó lò kò jẹ́ kí a kọ ohunkóhun, títí di ọjọ́ 7, oṣù kẹfà, ọdún 2020, tí àwọn ọ̀dọ́ fi okùn fà á lulẹ̀, tí wọ́n sì wọ́ ọ lọ sínú omi èbúté.

Ilé tiwa náà ní tirẹ̀. Ẹfúnróyè Tinúbú, ẹni tí ère rẹ̀ wà ní Ìta Tinúbú l'Ékòó, akọni obìnrin ni: àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó ní 1856, ó sì di òpó fún Abẹ́òkúta, tí ó pèsè ìbọn àti ẹ̀tù tí Ẹ̀gbá fi lé ogun Dàhómì padà, tí wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde ní 1864. Ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn wà lára ọjà tí ó tà pẹ̀lú tábà àti iyọ̀. Àwọn náà ní ìyá, wọ́n ní oríkì tí ẹnikẹ́ni kò kì wọ́n mọ́.

Èrò tèmi ni pé òṣùwọ̀n kan kò tó fún ère méjèèjì. Owó òwò ẹrú wà nínú ọrẹ tí a torí rẹ̀ yin Colston, nítorí náà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n tẹ́ ère rẹ̀ sí báyìí, pẹ̀lú ọ̀dà tí wọ́n dà sí i lára, ni ibi tí ó yẹ ẹ́. Ìlú tí Tinúbú gbà sílẹ̀ ni a torí rẹ̀ bọlá fún un; kí ère rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n kí ìdí rẹ̀ sọ̀rọ̀ àwọn tí a tà pẹ̀lú. Bí ẹnìkan bá ní ìwọ̀sí ni èyí jẹ́ fún òkú ọ̀run, kí ó rántí pé akéwì tí ó mọṣẹ́ kì í yọ àlébù kúrò nínú oríkì, síbẹ̀ orí ẹni tí ó ń kì a máa wú. Kí àwọn aláṣẹ àti àwọn ọmọ ìlú jókòó kọ ọ̀rọ̀ náà nígbà tí wọ́n ṣì lè fi sùúrù jíròrò rẹ̀, nítorí ohun tí àgbà kọ̀ láti wí, ọmọ tí ó bá wá a rí fúnra rẹ̀ yóò fi ìbínú wí i.