Ẹ Má Sọ Fún Wọn Mọ́ Pé Kò Ní Ìdáhùn

Gbólóhùn kan wà tí àwọn olùkọ́ ìṣirò máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ní yunifásítì, tí wọn yóò sì nu pátákó bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí: "Íńtígírà yìí kò ní ìdáhùn." Wọ́n sọ ọ́ fún èmi àti ẹgbẹ́ mi. Wọ́n ṣì ń sọ ọ́ fún àwọn àbúrò wa. Mo fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba pé irọ́ ni, pé irọ́ náà kò kéré, àti pé àwọn tó ń pa á mọ̀ pé irọ́ ni, tàbí kí n sọ pé ó yẹ kí wọ́n mọ̀.

Ibi tí irọ́ náà ti ń kọ́kọ́ yọjú ni ẹ̀kọ́ pẹ́ńdúlọ̀mù. Òkúta kékeré ni, tí a so mọ́ okùn, tí a fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí a sì jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ó máa fì síwá sẹ́yìn. Gbogbo ẹni tó bá ṣe físíìsì ní sẹ́kọ́ńdírì ló ti dúró tì í rí, tó ń fi aago ka ogún ìfì. Fọ́múlà tí wọ́n fún wa ni pé àkókò ìfì kan jẹ́ 2π√(L/g), níbi tí L ti jẹ́ gígùn okùn. Fọ́múlà yìí dára bí a kò bá fa òkúta náà jìnnà. Bí a bá fà á dé dìgírì 20, àṣìṣe rẹ̀ kò tó ìpín 1 nínú 100. Bí a bá fà á dé 60, àkókò tòótọ́ yóò fi nǹkan bí ìpín 7 nínú 100 gùn ju ti fọ́múlà lọ. Bí a bá fà á dé 90, tí okùn náà dùbúlẹ̀ gbọọrọ, yóò fi ìpín 18 gùn jù ú lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ìdí rẹ̀, olùkọ́ yóò kọ íńtígírà kan sí pátákó fún un, gbòǹgbò wà nísàlẹ̀ rẹ̀, sáìnì wà nínú gbòǹgbò. Yóò ní èyí kò ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ ká gbà pé igun náà kéré. Ẹ jẹ́ ká gbà! Òkúta kò gbà ní tirẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ẹ̀rọ ìṣirò tó wà lórí fóònù yín. Ẹ kọ nọ́ńbà méjì sílẹ̀: 1, àti kósáìnì ìdajì igun tí ẹ fa òkúta sí. Bí igun náà bá jẹ́ dìgírì 90, ìdajì rẹ̀ ni 45, kósáìnì ìyẹn sì jẹ́ 0.70711. Ẹ ro nọ́ńbà méjèèjì pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì: 0.85355. Ẹ padà sí nọ́ńbà méjèèjì tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, kí ẹ sì wá gbòǹgbò ohun tó jáde: 0.84090. Ẹ ti ní nọ́ńbà méjì tuntun, wọ́n sì ti sún mọ́ ara wọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ tún ṣe bákan náà fún àwọn tuntun yìí: 0.84722 àti 0.84720. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, méjèèjì á di 0.84721. Ẹ fi í pín 1, ẹ ó rí 1.1803. Ẹ fi èyí sọ fọ́múlà àtijọ́ di púpọ̀, àkókò tòótọ́ ti jáde. Ìpín 18 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni ẹ fi ọwọ́ ara yín wá rí yẹn.

Kò sí ohun tó le nínú rẹ̀ ju ìròpọ̀ àti gbòǹgbò lọ. Gauss, ará Jámánì, kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1799, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 22, pé òun ti ṣe irú ìṣirò yìí fún 1 àti gbòǹgbò 2, òun sì ti rí i pé ó bá gígùn ìlà kọrọdọ kan mu títí dé nọ́ńbà kọkànlá lẹ́yìn àmì ojúu dẹ́símà. Ó lé ní igba ọdún tí ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Àwa ni a sọ pé kò sí.

Kí ni a tiẹ̀ ń pè ní ìdáhùn? Bí mo bá kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé ìdáhùn mi ni sáìnì dìgírì 37, wọn yóò fún mi ní máàkì. Ta ló mọ sáìnì dìgírì 37 lórí? Kí fóònù tó dé, ìwé four-figure là ń ṣí. Ẹlòmíràn ti jókòó bá wa ṣírò rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ ni sáìnì jẹ́, tí a fún ohun kan tí ìwà rẹ̀ yé wa. Bí ẹ bá ń rìn lórí òbírí tí ìdọ́gba rẹ̀ jẹ́ x² + y² = 1, tí ẹ sì ti rìn dé ìwọ̀n kan, sáìnì ni yóò sọ fún yín bí ẹ ti ga tó lórí rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dà bí ọ̀rẹ́ wa nítorí pé láti kékeré ni wọ́n ti fi í hàn wá.

Òbírí sì kọ́ ni ìlà kọrọdọ kan ṣoṣo láyé. Ìlà tí ìdọ́gba rẹ̀ jẹ́ y² = x³ + ax + b wà, àwọn mìíràn sì wà tó díjú jù ú lọ. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní àwọn fọ́ńkíṣọ̀n tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òbírí ti ní sáìnì àti kósáìnì. Àwọn tí ó jẹ́ ti ìlà x³ yìí ni wọ́n ń pè ní elliptic functions, a sì kọ orúkọ mẹ́ta nínú wọn báyìí: sn, cn, dn. Pẹ́ńdúlọ̀mù tí a fà jìnnà, sn ló ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá ní íńtígírà náà kò ní ìdáhùn, ohun tó ń sọ gan-an ni pé kò sí bọ́tìnnì sn lórí kakulétọ̀ òun. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìṣirò. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣe kakulétọ̀ ni.

Ẹ wo bí àwọn tó wá ìdáhùn yìí ṣe rìn. Ní ọdún 1718, Fagnano, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ń wo ìlà kan tó rí bí nọ́ńbà 8 tó dùbúlẹ̀, ó sì rí ọ̀nà tí ènìyàn fi lè sọ ìrìn kan lórí rẹ̀ di ìlọ́po méjì láìwọn gígùn rẹ̀. Ìwé rẹ̀ dé ọwọ́ Euler ní ìlú Berlin ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1751. Euler rí i pé kì í ṣe ìlọ́po méjì nìkan: ìrìn méjì èyíkéyìí ni a lè rò pọ̀, kí a sì mọ ibi tí àròpọ̀ wọn yóò bá wa dé. Òfin ìròpọ̀ nìyẹn. Ẹ fi í sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá bá a.

Lẹ́yìn Euler ni Legendre, ará Faransé, tó fi nǹkan bí ogójì ọdún bá àwọn íńtígírà yìí jà, tó ṣe tébù wọn bíi ti four-figure, tó sì tẹ̀ wọ́n jáde. Àkànṣe ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí Legendre ń bi ara rẹ̀ ni pé: bí mo bá dé ibí yìí, báwo ni ìrìn mi ṣe gùn tó? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Nọ́wè, Niels Henrik Abel, yí ìbéèrè náà padà ní 1827: bí mo bá rìn tó báyìí, ibo ni mo dé? Jacobi, ará Jámánì, náà ń rìn lọ́nà kan náà ní àkókò yẹn. Ohun gbogbo sì ṣí sílẹ̀. Ẹ ronú sí i: bí wọ́n bá ti fi yíyí sáìnì sẹ́yìn kọ́ wa ní trigonometry, tí wọn kò dárúkọ sáìnì fúnra rẹ̀ rárá, ta ni ì bá yè é? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn olùkọ́ wa sì ń dúró ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀, wọ́n ń pariwo pé ọjà ti tú.

Legendre ti lé ní ẹni 70 ọdún nígbà tí iṣẹ́ àwọn ọmọdé méjèèjì yìí jáde. Kò bínú. Ó tún ìwé ara rẹ̀ ṣe, ó fi àfikún sí i láti fi ohun tí wọ́n rí han ayé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Gbogbo àgbà kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ tó tóbi jù lọ tí Abel kọ, èyí tó kan gbogbo ìlà kọrọdọ tí ìdọ́gba ń bí, ó gbé e lọ sí Paris ní oṣù Kẹwàá ọdún 1826. Wọ́n fi lé Cauchy lọ́wọ́ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Cauchy gbé e sí ibì kan, ó sì lọ bá iṣẹ́ tirẹ̀. Abel kú ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 1829, ní ọmọ ọdún 26, pẹ̀lú gbèsè àti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni Crelle kọ lẹ́tà sí i láti Berlin pé iṣẹ́ ti wà fún un. Ọdún 1841 ni wọ́n tó tẹ iṣẹ́ Paris yẹn jáde.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ni gbogbo wàhálà yìí fún, ṣé kọ̀ǹpútà kò lè ṣírò íńtígírà náà ní ìṣẹ́jú àáyá ni? Ó lè ṣe é. Yóò fún yín ní nọ́ńbà kan. Kò ní sọ fún yín pé nọ́ńbà náà ní òfin ìròpọ̀, ẹni tí kò bá sì mọ òfin ìròpọ̀ kò lè mọ ohun tó wà nínú fóònù rẹ̀. Ẹ mú ìlà y² = x³ + ax + b. Ẹ yan ojú méjì lórí rẹ̀, ẹ fa ìlà tààrà gba inú àwọn méjèèjì. Ìlà tààrà náà yóò gé ìlà kọrọdọ ní ibì kẹta. Ẹ gbé ibẹ̀ sí òdìkejì, láti òkè sí ìsàlẹ̀ tàbí láti ìsàlẹ̀ sí òkè, ohun tó bá jáde ni àròpọ̀ ojú méjèèjì. Òfin Fagnano àti Euler nìyẹn, aṣọ mìíràn ni wọ́n wọ̀ fún un. Ní 1985, Neal Koblitz àti Victor Miller, tí ẹnì kìíní kò ti ọ̀dọ̀ ẹnì kejì gbọ́ ọ, rí i pé bí a bá ro ojú kan pọ̀ mọ́ ara rẹ̀ ní àìmọye ìgbà, ó rọrùn láti débẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ibi tí a dé nìkan kò ní mọ iye ìgbà tí a rò ó. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí dé nìyẹn. Ìlà kan báyìí, y² = x³ + 486662x² + x, tí a ń ṣírò rẹ̀ lórí àwọn odidi nọ́ńbà tó níye, ni WhatsApp fi ń pa ọ̀rọ̀ wa mọ́. (Lórí irú àwọn nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kò sí gígùn ìrìn mọ́, kò sì sí okùn tó ń fì. Òfin ìròpọ̀ nìkan ló kù, ó sì tó.) Ìyá tó fi ohùn ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní London láti Ìbàdàn ti lo òfin yìí kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ọmọ tó ń ka ìṣirò ní ọdún kejì, ẹni tó yẹ kó mọ̀ ọ́n, ni a sọ fún pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Èmi kò sọ pé torí fóònù ló ṣe yẹ ká kọ́ ọ. Fagnano kò ní fóònù. Mo sọ ọ́ nítorí àwọn tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó bá ti kọjá èrè kì í wọ̀ wọ́n létí. Ohun tó wu èmi jù ni òkòtó. Gbogbo wa la ti ta òkòtó rí. Bí ó ti ń yí, tó ń tẹ̀, tó tún ń nà ró, ìdọ́gba ìrìn rẹ̀ ti dààmú àwọn ọlọ́gbọ́n. Euler yanjú irú kan, Lagrange yanjú irú kejì, elliptic functions ló sì ń sọ bí àwọn méjèèjì ti ń rìn. Ní 1888, Sofya Kovalevskaya, ọmọbìnrin ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó ń kọ́ni ní Stockholm, yanjú irú kẹta. Fún tirẹ̀, ìlà x³ kò tó mọ́. Ó ní láti lo àwọn fọ́ńkíṣọ̀n ìlà tó díjú jù ú lọ, irú èyí tí iṣẹ́ Abel tó sọnù sí Paris ti ń tọ́ka sí, tí Riemann sì la ọ̀nà rẹ̀ ní 1857. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ti Paris kan náà ló fún un ní ẹ̀bùn, wọ́n sì fi owó kún un láti 3000 faráǹkì sí 5000 nítorí bí iṣẹ́ náà ti dára tó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Wọn yóò ní sílébọ́ọ̀sì ti kún. Ó kún lóòótọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ mélòó kan la fi kọ́ ọgbọ́n tí a fi ń yí íńtígírà kan padà sí òmíràn, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ ṣe mọ́ lẹ́yìn ìdánwò. Wákàtí kan péré ni mo ń tọrọ nínú rẹ̀. Kí olùkọ́ kọ íńtígírà pẹ́ńdúlọ̀mù sí pátákó, kí ó sì pè é ní orúkọ rẹ̀. Kí ó fún wọn ní dìgírì 60, kí wọ́n kọ 1 àti 0.86603, kí wọ́n ro, kí wọ́n wá gbòǹgbò: 0.93301 àti 0.93060, lẹ́yìn náà 0.93181. Ìlà mẹ́ta. Kí ó wá kó wọn jáde sí abẹ́ igi pẹ̀lú okùn, òkúta àti aago, kí wọ́n ka ogún ìfì láti dìgírì 5, kí wọ́n fa òkúta dé 60, kí wọ́n tún un kà, kí wọ́n sì wò ó bóyá 1.07 ni wọ́n máa bá.