Ẹ Má Na Ọmọ Nítorí Ọ̀rẹ́ Orí Fóònù, Ẹ Sìn Ín Lọ

Ọ̀rọ̀ òní lè má dùn mọ́ àwọn òbí kan nínú. Èrò tèmi ni pé kí a yéé na ọmọ nítorí pé ó ní ọ̀rẹ́ lórí WhatsApp tàbí Facebook. Tó bá fẹ́ lọ rí ọ̀rẹ́ náà, ẹ jẹ́ ká sìn ín lọ.

Ọmọbìnrin ọdún 17 kan sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún mi. Ó purọ́ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ ra aṣọ ní Àjàṣẹ́. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún oṣù mẹ́rin ló lọ rí. Ẹni tó wá pàdé rẹ̀ kì í ṣe ọmọkùnrin inú fọ́tò. Àgbà ọkùnrin ni, ó sì ní kó gun alùpùpù òun ká lọ. Ọmọ náà kọ̀, ọkùnrin náà bá bínú lọ. Ọmọ ò lówó tí yóò fi padà, torí ọkùnrin yẹn ló ṣèlérí pé òun á san án. Ilẹ̀ ṣú bá a ní gáráàjì, kó tó di pé ìyá oníbúrẹ́dì kan bá a pe ilé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò tètè pe ìyá rẹ̀. Ó ní: “Àǹtí, ẹ̀rù ìyá mi bà mí ju ẹ̀rù ọkùnrin yẹn lọ.”

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin òbí.

Èmi náà ti pàdé ọ̀rẹ́ orí fóònù rí, ìyá kan tó ń ta gàrí ní Kútọnu. Mo sọ fún ọkọ mi, mo fi nọ́ńbà ìyá náà sílẹ̀, a sì pàdé lọ́jà Tọkpá lọ́sàn-án gangan. Ohùn rẹ̀ jẹ́ kí n rò pé obìnrin gíga ni. Àṣé kò ga tó èjìká mi! Títí dòní, a ṣì jọ ń tajà. Ọ̀rẹ́ kọ́ ni ewu, yíyọ́ lọ ni ewu.

Láyé àwọn baba wa, alárinà ló máa ń ṣèwádìí ẹni kó tó dọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Fóònù ò ní alárinà. Àwa òbí ló yẹ ká ṣe é. Àwọn kan á ní mo fẹ́ ba ọmọ jẹ́. Rárá o. Ọmọ tí a nà ò ní jáwọ́, yóò kàn fi pa mọ́ ni.

Nítorí náà, ẹ kọ́ wọn báyìí:

Kí wọ́n kọ́kọ́ fi fóònù rí ojú ara wọn níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ fọ́tò kì í ṣe ojú.

Kí wọ́n pàdé lọ́sàn-án, níbi tí èrò wà. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, kí àgbàlagbà bá a lọ.

Kí owó zemidjan àlọ àti àbọ̀ wà lápò tirẹ̀. Kó má fi owó MoMo ránṣẹ́ sí ẹni tí kò tíì rí, kó má sì sọ kóòdù rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ gun alùpùpù ẹni náà, kò gbọdọ̀ wọ yàrá. Bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, kó pe ilé, kó pe ọlọ́pàá.

Ẹ bi ara yín lálẹ́ òní: bí ọmọ mi bá há síbì kan, ṣé èmi ni yóò kọ́kọ́ pè? Ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí wa. Ó dàbọ̀ o.