Adìẹ tó dì lẹ́ẹ̀mejì
Adìẹ tí mo rà ní Sango lánàá le bí òkúta. Nígbà tí mo tú ọ̀rá rẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ ti dì pẹlẹbẹ sísàlẹ̀. Ó ti yọ́ rí nìyẹn, kó tó tún dì.

Láti 2003 nìjọba ti fòfin de adìẹ dídì láti òkè òkun. Àwọn aṣọ́bodè ń gbá a mú lọ́nà Ìdírókò. Ó dáa. Àmọ́ adìẹ tiwa náà nílò iná! Yìnyín kì í pa kòkòrò àìsàn, ó kàn ń dá a dúró ni. Fìríìsà tó kún, tẹ́nìkan ò ṣí, lè gba wákàtí 48 láìsí iná. Ta ló máa tajà tí ò ní ṣí tiẹ̀?

Nílé, ẹ má gbé e sórí tábìlì kó yọ́ o; inú fíríìjì ni, nínú abọ́.

Mo dá tèmi padà. Ìyá tó tà á ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ mẹ́ta rèé tá ò ríná."