Ẹ Sọ̀ Kalẹ̀ ní Ọ̀wọ̀

Bí ìgbà ìrìn-àjò ẹgbẹ́ wa bá ti ń sún mọ́lé, orúkọ mẹ́ta mẹ́rin kan náà ni a máa ń gbọ́: Òkè Olúmọ, omi gbígbóná Ìkógòsì, Òkè Ìdànrè, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. N kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má lọ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá gun àtẹ̀gùn Ìdànrè, tí ó lé ní ẹgbẹ̀ta, dé orí òkè, tí kò sì dúpẹ́ pé a bí òun ní ilẹ̀ Yorùbá, ó yẹ kí a yẹ ojú rẹ̀ wò. Ohun tí mo ń bá jà ni èsì tí a máa ń gbọ́ bí ẹnìkan bá dá a lábàá pé kí á lọ sí Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́: ‘Kí ni ó wà ní Ọ̀wọ̀?’ Ẹnu àwọn tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àṣà Yorùbá ni irú ọ̀rọ̀ báyìí ti ń jáde! Ọ̀wọ̀ tí wọ́n mọ̀ kò ju èyí tí ó ń kọjá lójú fèrèsé ọkọ̀ lọ, bí wọ́n bá ti Àkúrẹ́ ń lọ sí Ìbíní, tàbí bí wọ́n bá ń gba Ọ̀bà-Àkókò lọ sí Kábbà àti Àbújá. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun.

Kí á ti ààfin bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2000 ni ìjọba àpapọ̀ ka ààfin Ọlọ́wọ̀ sí ọ̀kan nínú ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn tí ó ti kọ̀wé nípa rẹ̀ sọ pé láyé àtijọ́ àgbàlá inú rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún. Ùghà ni wọ́n ń pe irú àgbàlá bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tí a ń ṣe nínú rẹ̀ àti òrìṣà tí a yà á sọ́tọ̀ fún. Wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ àwọn mìíràn. Nínú ọgbà ààfin yìí kan náà ni ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1968. Kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń fi ìdajì wákàtí wò, kí ó ya fọ́tò, kí ó jẹ ìrẹsì, kí ó sì padà sínú ọkọ̀, bí a ti máa ń ṣe níbi gbogbo tí a bá lọ.

Láti ààfin, ẹsẹ̀ ni ó yẹ kí á fi wá Igbó’Lájà lọ, nítorí pé ìtàn ibẹ̀ kò ṣe é gbọ́ nínú ọkọ̀ tí ó ń sáré. Wọ́n ní Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ̀ngẹ́jẹ̀n fẹ́ obìnrin kan, Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, arẹwà, ọlọ́rọ̀, tí kì í ṣe ènìyàn lásán. Èèwọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta: a kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ da omi sílẹ̀ lójú rẹ̀, ẹni tí ó ti oko dé kò sì gbọdọ̀ ju ìdì igi rẹ̀ sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ọ̀ràn ilé olórogún, ẹ̀yin náà mọ ìyókù. Wọ́n ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọba kò sí nílé, obìnrin náà bínú, ó sì jáde lọ. Àwọn ìránṣẹ́ ọba lé e títí. Ibi tí ọ̀já orí rẹ̀ bọ́ sí ni wọ́n ń pè ní Igbó’Lájà títí di òní.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní àlọ́ lásán nìyẹn, kí ó gbọ́ èyí. Láàárín 1969 sí 1971, Ekpo Eyo, ògbóǹtarìgì nínú iṣẹ́ ìwalẹ̀ wá ohun àtijọ́, wa ilẹ̀ Igbó’Lájà. Ère amọ̀ ni ó jáde: ojú ènìyàn tí ọwọ́ ọlọ́nà ti dán bí awọ, àti ẹkùn tí ó ń họ ẹsẹ̀ ènìyàn jẹ. Ìwádìí fi hàn pé wọ́n ti wà láti nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ Ifẹ̀ yóò rí Ifẹ̀ lára wọn, ẹni tí ó mọ ti Ìbíní yóò rí Ìbíní. Ní 1980, nígbà tí a kó àwọn ìṣúra iṣẹ́ ọnà Nàìjíríà lọ ṣe àpàtẹ ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ Ọ̀wọ̀ bá wọn lọ. Àwọn ará Detroit ti wò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gba Ọ̀wọ̀ kọjá kò tíì sọ̀ kalẹ̀, òun ni ó sì ń béèrè pé kí ni ó wà níbẹ̀. N kò tilẹ̀ tíì dárúkọ eyín erin tí àwọn ọlọ́nà Ọ̀wọ̀ fín, tí àwọn òyìnbó fi gíláàsì bò ní London àti ní New York.

Àwọn olùkọ́ wa náà ní ìpín nínú ẹ̀bi yìí. Nínú kíláàsì, pátákó ìkọ̀wé ni a fi ń kọ́ wa ní ẹ̀ka-èdè Ọ̀wọ̀. A kọ́ wa pé ní ọ̀pọ̀ ibi tí ìwé wa kọ ‘w’ sí, ‘gh’ ni ẹnu wọn ń pè, tí ó fi jẹ́ pé Ọ̀ghọ̀ ni onílé ń pe ìlú tí àwa ń pè ní Ọ̀wọ̀. A kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ tí àwa fi ‘i’ bẹ̀rẹ̀, ‘u’ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn. A kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, a yege ìdánwò, ṣùgbọ́n etí wa kò gbọ́ ‘gh’ yẹn rí. Ìròyìn kò tó àfojúbà, kò sì tó àfetígbọ́. Ṣé ẹni tí kò dúró lójú agbo gbọ́ àwọn àgbà Ọ̀wọ̀ lè bá wa jiyàn lórí ohun tí ó jẹ́ ti Ìbíní àti ohun tí ó jẹ́ ti Ifẹ̀ nínú ‘ùghà’?

Bí a bá sì kọjá sí Ọ̀sẹ́, ọ̀ràn náà jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ìdóànì, nínú ìlú kan ṣoṣo, àdúgbò kan wà tí èdè tirẹ̀ ń jẹ́ Iyayu, èdè tí ó bá ti Ẹ̀dó tan. Odò Ọ̀sẹ́ gan-an ni àwọn onímọ̀ èdè fi sọ orúkọ ìdílé kékeré tí èdè náà wà. Àwọn tí ó ń sọ ọ́ kò pọ̀. Bí àwọn àgbà ibẹ̀ bá lọ tán kí á tó dé, kí ni a óò fi pátákó ìkọ̀wé ṣe?

Igbó ọba tí ó wà ní Ìfọ́n tún ń bẹ. Gbogbo wa ni a ti ka Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó. A lè dárúkọ àwọn iwin inú igbó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ fi ẹsẹ̀ igi ìrókò àti ẹsẹ̀ àràbà hàn wá, ojú wa yóò ranjú. Àwọn agégi àti àwọn tí ó ń dá oko ń jẹ igbó Ìfọ́n wọlé. Ẹni tí kò rí igbó rí kò ní mọ ìgbà tí igbó tán.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ̀rù. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adeusi, ní Ẹlẹ́gbẹ̀ká, bí ó ti ń ti Àkúrẹ́ bọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, wọ́n wọ ìjọ Fransisi Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, ní tòsí ààfin, wọ́n sì pa ènìyàn tí ó lé ní ogójì. Ẹni tí ó bá wí pé kò sí ewu, òpùrọ́ ni, n kò sì ní bá a kẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wọ igbó Ìfọ́n láìjẹ́ pé àwọn aláṣẹ igbó, àwọn ọdẹ ìlú àti Amọ̀tẹ́kùn gbà pé ó ṣe é wọ̀, kí wọ́n sì wà pẹ̀lú wa. Bí wọ́n bá ní rárá, rárá ni. Èyí kò kan ùghà, kò kan ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kò kan ìrọ̀lẹ́ kan tí a lè fi jókòó ti àgbà kan ní Ọ̀wọ̀. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ sin òkú wọn, wọ́n sì tún padà sọ́jà. Bí a bá wá tìtorí àwọn apànìyàn pa ìlú náà rẹ́ kúrò nínú ìwé ìrìn-àjò wa, iṣẹ́ wọn ni a bá wọn parí.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ mi bẹ ìjọba pé kí wọ́n kọ́ ilé-ìtura síbẹ̀, kí wọ́n wa odò ìlúwẹ̀ẹ́, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ erin sí ẹnu ọ̀nà. Irú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí a ro, àmì kékeré tí ó sọ orúkọ ibi tí a wà ní èdè ibẹ̀, àti ọmọ ìlú kan tí ó mọ ìtàn, tí a sì ń san owó gidi fún, ni a ń fẹ́.

Àwọn ìgbìmọ̀ ìrìn-àjò yóò jókòó láìpẹ́. Àbá mi ni pé kí á lo ọjọ́ méjì, kí á sun Ọ̀wọ̀ mọ́jú, kí á sì lọ ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ọdún Ìgògò ti Ọ̀rọ̀nsẹ̀n bá ń lọ lọ́wọ́, tí Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ yóò dirun, tí yóò sì wọ ìlẹ̀kẹ̀ bí obìnrin. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni ọdún náà. Kí á ránṣẹ́ sí ààfin ṣáájú. Kí àwọn ọkùnrin wa fi fìlà sílé, kí àwọn obìnrin wa fi gèlè sílé, kí àwọn onílù ẹgbẹ́ wa sì fi gángan sílé, nítorí pé agogo nìkan ni a ń lù níbẹ̀.