Ìtọ́jú Ìwé Orí Ẹ̀rọ ní Ilé Ìkàwé Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga: Iṣẹ́ Ta Ni?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Púpọ̀ nínú ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń lò lóde òní ti di ohun tí à ń kà lójú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ aláṣẹ sì gbà pé bí a bá ti ra kọ̀ǹpútà, tí a sì fa íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé ìkàwé, iṣẹ́ ti parí. Èrò yìí kù díẹ̀ káàtó.

Kókó kìíní ni ọ̀rọ̀ níní. Ẹni tí ó ra ìwé onítákàdá ló ni ín. Ìwé orí ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀: àṣẹ láti kà á ni a sábà máa ń rà, àṣẹ náà sì lè dópin. Ní ọdún 2009, Amazon yọ ìwé 1984 tí George Orwell kọ kúrò lórí ẹ̀rọ Kindle àwọn tí wọ́n ti sanwó rẹ̀. Ní ọdún 2019, Microsoft pa ìsọ̀ ìwé rẹ̀ dé. Ó dá owó padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìwé náà kò ṣeé ṣí mọ́. Bí owó àsansílẹ̀ ọdún tí ń bọ̀ kò bá jáde, kí ni yóò kù sí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́?

Kókó kejì kan ẹ̀ka Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Bí a bá kọ àkọlé ìwé sínú kọ̀ǹpútà láìfi àmì sí i, oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ di ọ̀kan náà. Bí a tilẹ̀ fi àmì sí i, lẹ́tà ọ̀ lè wọ inú ẹ̀rọ ní ọ̀nà tí ó ju ẹyọ kan lọ. Ojú ènìyàn kò ní rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àkọtọ́ ọdún 1974 pẹ̀lú ti sọ aiye di ayé, ó sì ti sọ enia di ènìyàn. Ẹni tí ó bá fi àkọtọ́ òde òní wá ìwé àtijọ́ lè padà lọ́wọ́ òfo, bẹ́ẹ̀ ìwé náà wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé nìkan kò lè dá yanjú èyí. Àfi kí olùkọ́ Yorùbá bá a jókòó.

Kókó kẹta ni ìpamọ́. Nínú àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni oríkì àti ìtàn ìlú wà, èyí tí a gbà lẹ́nu àwọn àgbà tí púpọ̀ nínú wọn ti di ará ọ̀run. Bí òní ti rí, ọ̀la lè má rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹ̀dà kan ṣoṣo kò tó. Ó yẹ kí ó wà ní ibi mẹ́ta, kí a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. DSpace, tí ó jáde ní ọdún 2002 fún irú iṣẹ́ yìí, kì í ṣe títà, ọ̀fẹ́ ni.

Síbẹ̀, ìtọ́jú kì í ṣe ìwé jíjí. Fágúnwà kú ní ọdún 1963. Nítorí pé 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé ni òfin Nàìjíríà fi ń dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀, ìparí ọdún 2033 ni ààbò náà yóò tó kúrò lórí àwọn ìwé rẹ̀. Ilé ìkàwé kò gbọdọ̀ pín wọn kiri láìgba àṣẹ.

Àwọn kan yóò ní kò sí iná, kò sí owó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kíkọ àkọlé pẹ̀lú àmì tó péye kò gba ju ìmọ̀ àti sùúrù lọ, akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ sì lè ti ibẹ̀ kọ́ iṣẹ́. Ẹ̀ka Yorùbá tí ó bá dá ìtọ́jú ìwé rẹ̀ dá ẹ̀rọ yóò jí lọ́jọ́ kan, yóò rí i pé ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ìwé ti lọ.